Ẹ̀ẹ̀rùn, Èèbù àti Òwe: Ìmúrasílẹ̀ Oko Iṣu De Òjò

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò ju òwe kan ṣoṣo lọ, ṣùgbọ́n kí a tó dé orí òwe náà, n óò mú yín gba oko kọjá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ka ọ̀pọ̀ ìwé àwọn ará Yúróòpù tí ó fi ìgbà òtútù hàn bí ìgbà tí ilẹ̀ ń sùn. Nígbà tí wọ́n bá wá bá ẹ̀ẹ̀rùn pàdé nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá, oorun kan náà ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni mo ń kà á nínú iṣẹ́ wọn pé ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà ìsinmi àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ oko iṣu kò ní í sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ ẹgàn, bí ìhà Oǹdó àti Ìjẹ̀ṣà, inú ọyẹ́ ni a ń ṣán igbó. A ó jẹ́ kí ó gbẹ, a ó sì sun ún kí òjò àkọ́rọ̀ tó bọ́. Oògùn tí ń pa koríko ti gba iṣẹ́ iná lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lóde òní, débi pé àwọn kan wà nínú kíláàsì mi tí wọn kò mọ màjàlà ju inú òwe lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀dàn ni mo fẹ́ dúró lé, láti apá Ṣakí títí wọ Kwara. Níbẹ̀, kí òjò tó dá pátápátá ni a ti ń kọ ebè, nítorí pé bí ọyẹ́ bá ti mú ilẹ̀ le, ọkọ́ kò ní í wọ̀ ọ́ mọ́.

Ní nǹkan bí Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejìlá ni èèbù ń wọ ilẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti wa iṣu, oṣù mélòó kan wà tí kò ní í hù, bí a tilẹ̀ ń bomi rin ín lójoojúmọ́. Bí ohun kan bá ń sùn nínú ẹ̀ẹ̀rùn, iṣu ni, kì í ṣe àgbẹ̀. Àgbẹ̀ mọ iye oorun náà. Ó gé iṣu ní èèbù. Ó mọ̀ pé orí iṣu yóò yára hù ju ìdí rẹ̀ lọ. Ó fi eérú pa ojú ibi tí ọ̀bẹ kàn kí ó má bàa jẹrà. Ó tì í bọ inú ebè, ó fi koríko gbígbẹ dé ebè lórí, ó sì bu erùpẹ̀ lé koríko náà kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ. Bí kò bá dé e, oòrùn yóò se èèbù mọ́ inú ebè. Láti ìgbà náà títí òjò yóò fi dé, ebè tí ó ní èèbù nínú àti èyí tí ó ṣófo, bákan náà ni wọ́n rí lójú ẹni tí ń kọjá lọ.

Òwe mi nìyí: ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún èèbù tí ó pè é ní igba, nígbà tí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Ní ilé ẹ̀kọ́, a ń kọ́ ọmọ pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé irọ́ kò dára. Ìtumọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ó tín-ínrín. Ṣé gbogbo irọ́ ni a lè pa lórí ebè? Ìgbà tí ilẹ̀ bá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nìkan ni irọ́ yìí ṣeé pa, ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ìgbà náà. Igba pàápàá kì í ṣe iye tí a ṣèèṣì mú. Ó jẹ́ òpó kan nínú ìkà wa: ẹgbẹ̀ta ni igba mẹ́ta, ẹgbẹ̀rin ni igba mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún ni igba márùn-ún. Ẹni tí ó pe igba pe odidi.

Kí ni ó wá gbé ọgọ́rùn-ún kejì lọ? Èèbù kò dà bí kóró òwú tí ẹnu kì í jẹ. Iṣu ni, èyí tí a bá gbìn, inú ìkòkò ni a ti yọ ọ́. Ìnira yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìwádìí ní Umudike fi gbé ọ̀nà kan jáde, tí ó tàn kálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, pé kí a máa gé iṣu wẹ́wẹ́ ní ìwọ̀n nǹkan bí 25 gíráàmù láti fi pèsè èèbù. Èrò tèmi ni pé ọkùnrin inú òwe yìí kọ igba ebè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi ilé rẹ̀ jẹ ìdajì èèbù náà kí ó tó dé oko. Òwe kò sọ èyí fún wa. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó lo ọ̀rọ̀-ìṣe náà, jẹ: ó jẹ iṣu, ó jẹ irọ́. Jíjẹ kẹta, èyí tí ó ṣáájú méjèèjì, ni ó fi pamọ́ sínú ebè. Bí a bá kà á báyìí, kì í ṣe òpùrọ́ lásán ni a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Baálé kan ni, tí ojú ń tì.

Mo bi àgbẹ̀ kan bóyá ènìyàn lè dá ebè òfo mọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní olóko nìkan ni ó mọ̀ ọ́n, àti ìyàwó rẹ̀ tí ó se iṣu náà.