Fọ́tò Iṣu Láìní Ímeèlì

Ọ̀pọ̀ yín ló ń wí pé àwọn kò lè fi fọ́tò iṣu ránṣẹ́, nítorí àwọn kò ní ímeèlì. Nọ́ńbà fóònù nìkan ti tó fún WhatsApp. Facebook náà gbà á. WhatsApp yóò fi àmì onínọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí fóònù yín, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Ẹ ya iṣu náà ní ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, kí ẹ gbé bàtà tì í, kí oníbàárà yín ní ọjà Oliha mọ bí ó ti tóbi tó. Ẹ dúnàá-dúrà kí ẹ tó san owó mọ́tò. Bí ẹ bá ti já ẹrù sílẹ̀ ní Benin tán, iye tí wọ́n bá dá lẹ ó gbà, àbí ẹ fẹ́ gbé e padà ni?

Àmì mẹ́fà yẹn ńkọ́? Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí sọ tèmi. Olè wọlé, ó ń fi orúkọ mi yá owó lọ́wọ́ àwọn àna mi! Ìgbà tí mo tún fi nọ́ńbà mi wọlé ni ó tó jáde. Nítorí náà, bí síìmù yín bá sọnù, ẹ tètè lọ gba òmíràn lórí nọ́ńbà kan náà.