Orúnkún Ọmọ Ló Wú, Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Wo Ojú Rẹ̀

Àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wa kò gùn, ṣùgbọ́n ojú ọmọ ló dá lé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àgbàlagbà nìkan ni làkúrègbé ń bá jà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ń mú ọmọdé pẹ̀lú, kódà ọmọ ọdún 2. Bí oríkèé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wú, tí kò lọ fún ọ̀sẹ̀ 6, tí dókítà kò sì rí ohun mìíràn tó fà á, juvenile idiopathic arthritis, JIA, ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ara ọmọ ń dàgbà, kì í sì í ṣe sickle cell. Agbára tó yẹ kí ara fi bá àrùn jà ló kọjú sí oríkèé ọmọ fúnra rẹ̀. Ó sì lè kọjú sí inú ẹyinjú bákan náà. Èyí ni uveitis.

Gbogbo wa la mọ Àpólò nílé: ojú á pọ́n, ìpin á dí i. Uveitis inú JIA kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ojú kì í pọ́n, kì í dun ọmọ, ọmọ á sì máa ṣeré. Lábẹ́nú, ọmọlójú lè lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, cataract lè bo ojú, tàbí kí glaucoma dé. Èyí tí glaucoma bá ti bàjẹ́ kì í padà sípò.

Ìyá kan láàárín wa ní kí a sọ tirẹ̀, kí a má dárúkọ òun. Ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 4. Orúnkún rẹ̀ ti fà, ó ti ń sáré kiri. Iṣẹ́ alẹ́ kò jẹ́ kí ìyá ráàyè, ó sì pa ìpàdé dókítà ojú jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n fi máa lọ, ọmọlójú kan ti lẹ̀. Ojú yẹn kò ríran tó èkejì mọ́. A ò bú u. Àwa náà, kí a tó kọ́ ọ níbí, ojú tó pọ́n nìkan la kà sí ojú tó ń ṣàìsàn.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín:

Ìkíní, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, kí àyẹ̀wò ojú àkọ́kọ́ má kọjá ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ̀wé ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, oṣù 2-2 fún oṣù 6, kí ó tó di oṣù 3 sí 4. Kíka lẹ́tà ara ògiri kò tó. Ẹ̀rọ tí ọmọ ń gbé àgbọ̀n lé, tí wọ́n ń tan iná tín-ín-rín sí i lójú, la ń wí. Bí orúnkún bá tiẹ̀ ti san, ẹ máa lọ.

Èkejì, ẹ túbọ̀ ṣọ́ra bí àìsàn náà bá bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 7, tí kò mú ju oríkèé 4 lọ, tàbí tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi ANA hàn.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fúnra yín dá oògùn tí wọ́n ń kán sójú dúró. Bí wọ́n bá dá methotrexate dúró, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ má pa àyẹ̀wò jẹ, nítorí uveitis lè tún gbérí.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ń lọ sílé, ẹ kó oògùn tó pọ̀ tó. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ bi dókítà nípa abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Kòkòrò tó wà láàyè ló wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n gún un fún ọmọ tó ń lo adalimumab.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ jẹ́ kí a bá àwọn ọmọ wa ṣọ́ tiwọn. Bí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kí ẹ lè mú ọmọ lọ, ẹ pè wá, ẹnì kan nínú wa á bá yín mú un lọ.