Ọ̀bẹ àti Èèkù Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Awakọ̀ Akẹ́rù tí Ẹ Ń Tún Ọkọ̀ Ara Yín Ṣe

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun)

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà Òrìṣà Olúfọ́n, ẹni tó ni ilẹ̀ tí a dúró lé. Mo júbà Ògún, onírin.

Òwe méjì ni mo gbé wá. Èkíní ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Èkejì ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Lójú ẹni tí kò ronú, wọ́n ń bá ara wọn jà. Ẹni tó ní típà tàbí tírélà kan ṣoṣo, tó sì ń wà á fúnra rẹ̀, àárín àwọn òwe méjèèjì ló ń gbé lónìí.

A mọ ohun tó gbé e débẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa díye lé e. Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà tẹ́lẹ̀ kọjá 1,500 láàrin ọdún 2024. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí à ń rà ní Àràrómì n'Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó, òkè òkun ló ti ń wá, ìbáà ṣe tuntun, ìbáà ṣe tòkunbọ̀. Owó iṣẹ́ mẹkáníìkì nìkan ni awakọ̀ rí pé òun lè yọ kúrò. Ó mú sípánà, ó wọ abẹ́ ọkọ̀.

N kò ní bá a wí. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe náà: tún ṣe. Ó máa ń la ara rẹ̀ sí méjì, kí ohun tí à ń tọ́jú lè wọ àárín rẹ̀: tún ọkọ̀ ṣe, tún ilé ṣe, tún orí ṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe iṣẹ́ mẹkáníìkì àti iṣẹ́ Ọ̀rúnmìlà, ẹni tí à ń kì pé ó ń tún orí tí kò sunwọ̀n ṣe. Lójú Ìṣẹ̀ṣe, iṣẹ́ ọlá ni àtúnṣe, bí girísì tilẹ̀ kún ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é.

Òrìṣà ìlú yìí pàápàá ṣe é. Ìtàn ní ó fẹ́ lọ kí Ṣàngó l'Ọ́yọ̀ọ́. Ifá ní kó má lọ. Ó ta kú. Ifá wá ní kó mú aṣọ funfun mẹ́ta, ọṣẹ àti òrí dání, kó má sì ráhùn lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Èṣù kó ẹ̀gbin bá a: epo pupa, èédú, àdín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wẹ̀, tó pààrọ̀ aṣọ. Àwọn ẹ̀yà wa ní Brazil, tí wọ́n ń pè é ní Oxalufã, ṣì ń sọ ìtàn náà. Aṣọ mẹ́ta yẹn ni táyà àpààrọ̀ tiwọn ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ìparí rẹ̀: wọ́n bá ẹṣin Ṣàngó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n pè é ní olè, ó sì lo ọdún méje lẹ́wọ̀n. Aṣọ àpààrọ̀ bo ẹ̀gbin ojú ọ̀nà. Kò bo ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí a kọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹni wà: pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà, fífi girísì sí i, pípààrọ̀ bẹ́líìtì, yíyọ omi kúrò nínú táǹkì afẹ́fẹ́ bíréékì lójoojúmọ́, yíyẹ nọ́ọ̀tì táyà wò kí a tó gbéra.

Èèkù náà wà. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá, sípíríǹgì líle kan ló ń di bíréékì ìdúró mú. Afẹ́fẹ́ ló ń fà á sẹ́yìn kí táyà tó lè yí. Ẹni tó bá tú agolo irin tí sípíríǹgì náà wà nínú rẹ̀ láìkọ́kọ́ fi bóòtù dè é, yóò fò yọ bí ọta ìbọn. Ọ́ìlì ló ń gbé ẹ̀yìn típà sókè. Bí páìpù rẹ̀ bá bẹ́, ó di ilẹ̀ lójijì. Ẹni tí kò fi òpó irin gbé e ró, kó má wọ abẹ́ rẹ̀. Táyà tí ríìmù rẹ̀ ní òrùka irin, inú àgò irin ni kí fọkanáísà ti fẹ́ ẹ. Òrìṣà tó ni ilẹ̀ yìí kì í sì í mu ẹmu. Ẹni tó fẹ́ di nọ́ọ̀tì bíréékì, kó fìwà jọ ọ́.

Ẹnìkan lè ní òun ti bọ Ògún, màrìwò wà níwájú ọkọ̀ òun. Ajá ni Ògún ń gbà lọ́wọ́ wa. Kò bẹ̀ wá ní ẹ̀jẹ̀ awakọ̀. Nígbà tí ìjọba dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká, tí ayé mọ̀ mọ́ Ògún, ni alága àkọ́kọ́. Ẹni tó mọyì Ògún a máa ṣọ́ ẹ̀mí lójú ọ̀nà.

Kí ni ká wá ṣe sí ti owó? Àjọ tí a jogún lọ́wọ́ àwọn ìyá wa kò tíì kú. Kí awakọ̀ mẹ́wàá dá a, kí wọ́n fi san owó ọ̀gá mẹkáníìkì kan tí yóò máa yẹ bíréékì àti ìtọ́kọ̀ gbogbo wọn wò lóṣooṣù, tí yóò sì máa kọ́ wọn ní èyí tí ọwọ́ wọn lè ká. Ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ a máa gbẹ́ ẹ fún un.

Kí Ògún má ṣe fi ẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀. Kí ẹ lọ re, kí ẹ bọ̀ re. Àṣẹ.