Ìmọ́lẹ̀ Oòrùn Nínú Ilé Ńlá: Ìwọ̀n Ni Ó Ṣáájú Rírà

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù)

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ lónìí kì í ṣe ìtàn ọba tàbí àṣà ìgbéyàwó, èyí tí etí yín ti mọ̀ dáradára nínú ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ iná ni: bí ẹni tí ó kọ́ ilé ńlá ṣe lè fi oòrùn àti bátìrì tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kí owó rẹ̀ má sì ṣòfò. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ àṣà nínú èyí, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ní sùúrù. N ó dáhùn kí n tó jókòó.

Ní ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Láti ìgbà náà wá, orúkọ ilé iṣẹ́ tí ń pín in ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: a dá NEPA sílẹ̀ ní 1972, ó di PHCN ní 2005, ìjọba sì fi iṣẹ́ pípín iná lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ ní 2013. Síbẹ̀síbẹ̀, àwọn ọmọdé wa ṣì ń hó pé "Up NEPA!" nígbà tí iná bá dé. Ohun tí ó bá ń wà nígbà gbogbo, ọmọdé kì í hó nígbà tí ó bá dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó yúnìtì kan ní àwọn àdúgbò tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún fò láti nǹkan bí 68 náírà, ó sì kọjá 200 náírà. Owó epo bẹntiróòlù náà sì ti ga gidigidi láti ìgbà tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023.

Ẹ̀rọ amúnáwá tí a fi ń rọ́pò iná ìjọba, ẹ mọ̀ ọ́n. Ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí aládùúgbò sùn. Èéfín rẹ̀ sì ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí. Nígbà tí a bá gbé ẹ̀rọ náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí lè pa gbogbo ará ilé lójú oorun. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ti dé etí wa tó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní agbára láti fi oòrùn dípò ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ̀mí ni ó ń rà, kì í ṣe fáàrí.

Ṣùgbọ́n ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹni tí ó kọ́ ilé oníyàrá 6 a lọ sí ọjà, a ní kí wọn gbé sólà ńlá wá fún òun, nítorí pé aládùúgbò òun ra ti kilowáàtì 15. Òun yóò ra ti 20. Kò sí ẹni tí ó ka ohun tí ń jẹ iná nínú ilé náà. Owó púpọ̀ lọ, òrùlé kún fún pánẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di agogo 2 òru, bátìrì ti kú, ẹ̀rọ amúnáwá sì tún ti ń ké. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tán: ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ni ó yẹ kí á wò kí á tó sọ iye kilowáàtì.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó pọ̀. Wáàtì ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń fa iná tó lójú ẹsẹ̀. Ẹgbẹ̀rún wáàtì ni kilowáàtì kan. Yúnìtì tí ẹ ń rà sínú mítà ni kilowáàtì kan tí a lò fún wákàtí kan. Ọ̀tọ̀ ni bí omi ṣe ń yára tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ sì ni iye garawa tí ó kún. Ẹni tí ó bá da àwọn méjèèjì pọ̀, kò lè ra bátìrì tí yóò tó o.

Ẹ jẹ́ kí á mú ilé oníyàrá 6 kan ṣe àpẹẹrẹ. Gílóòbù inú rẹ̀ jẹ yúnìtì 2 lójúmọ́, fáànù 6, fíríìjì àti ẹ̀rọ amómidì 6, tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà 4, ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga 2, ẹ̀rọ tí ń gbé omi ìwẹ̀ gbóná 6, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìfọṣọ 3. Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá 4 tí ó ń ṣiṣẹ́ ní wákàtí 8 lóru, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń fa wáàtì 800, yóò jẹ nǹkan bí 26. Gbogbo rẹ̀ di 55. Ẹ kíyè sí i pé ohun kan ṣoṣo, ìyẹn amúlétutù, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìdajì.

Nísinsìnyí, kí á tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí á dín in kù. Àwọn amúlétutù ìgbàlódé kan wà tí mọ́tò wọn ń rọra yí nígbà tí yàrá bá ti tutù, tí kì í kú kí ó tún jí. Bí a bá fi wọ́n rọ́pò, tí a sì tọ́jú òrùlé àti fèrèsé kí ooru má baà wọlé, 26 lè di 14. Fáànù tuntun tí kì í jẹ iná púpọ̀ yóò sọ 6 di 3. Fíríìjì tí ó dára yóò sọ 6 di 4. Omi ìwẹ̀, kí oòrùn fúnra rẹ̀ gbé e gbóná nínú páìpù orí òrùlé, tàbí kí a fi gáàsì gbé e. 6 di òfo. Ohun tí ó kù jẹ́ 32. Àpẹẹrẹ ni iye wọ̀nyí, ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò fún yín ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé a ti mú 23 kúrò láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú ilé náà sùn nínú ooru.

Ẹ̀kọ́ kejì ni yíyà àwọn nǹkan sọ́tọ̀. Nínú ilé ńlá, kí àpótí fíúsì jẹ́ mẹ́ta. Ti èkínní ni ohun tí kò gbọdọ̀ kú láé: gílóòbù, fíríìjì, ẹ̀rọ ìṣọ́nà, àti oògùn ẹni tí ara rẹ̀ kò le tí a fi sínú òtútù. Ti èkejì ni ìtura: amúlétutù yàrá tí ènìyàn ń sùn sí, èyí lè kú bí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ti ẹ̀kẹta ni ohun tí oòrùn nìkan yóò máa gbé lọ́sàn-án: áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ ìfọṣọ, àti ẹ̀rọ tí ń fa omi. Ẹ fa omi sínú táńkì lókè nígbà tí oòrùn bá mú. Omi tí ó wà lókè, bátìrì ni òun náà, kì í sì í gbó. Ẹ rántí pẹ̀lú pé mọ́tò tí ń fa omi máa ń gba ìlọ́po mẹ́ta iná tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó bá ń jí. Ínfátà tí kò lè gbà á yóò pa gbogbo ilé.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ níhìn-ín tí kò dùn. Mo ti rí ìwé ìwọ̀n iná ilé ńlá tí a ka gílóòbù ọgbà àti ti odò ìwẹ̀ sí, tí a kò ka yàrá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àti ti àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé sí rárá. Gílóòbù mẹ́rin àti fáànù méjì kò tó yúnìtì 3 lójúmọ́. Ẹni tí ń ṣọ́ ilé fún wa kò yẹ kí ó wà nínú òkùnkùn.

Ó kan bátìrì. Ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ títí di òwúrọ̀ ni a ń ra bátìrì fún. Nínú ilé tí a dín iná rẹ̀ kù, òru ń jẹ nǹkan bí yúnìtì 22. Nínú èyí tí a kò dín kù, ó ń jẹ 40. A kò gbọdọ̀ fa bátìrì gbẹ, díẹ̀ sì ń ṣègbé nínú ínfátà. Nítorí náà ilé èkínní nílò bátìrì yúnìtì 30, ilé kejì nílò 54. Bátìrì olójé, tí irú rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, kò fẹ́ kí á lò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù, pàápàá èyí tí a fi irin àti phosphate ṣe, gbà kí á lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì lè kún un kí á sì lò ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ó wọ́n ju ti òjé lọ lọ́jọ́ tí a rà á, ṣùgbọ́n ó pẹ́ jù ú lọ. Ọ̀tá àwọn méjèèjì ni ooru. Ẹ má ṣe gbé bátìrì sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ẹ má sì ṣe tì í mọ́ inú àjà. Ẹ kọ́ yàrá kékeré fún un ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tí ó jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń sùn.

Ní ti pánẹ́ẹ̀lì, oṣù keje àti ìkẹjọ ni kí á fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lákòókò òjò, ìkùukùu ń bo ojú ọ̀run Èkó, oòrùn ọjọ́ kan a sì máa dọ́gba pẹ̀lú oòrùn ọ̀sán gangan fún nǹkan bí wákàtí 3 àbọ̀ péré. Bí a bá yọ ohun tí ń ṣègbé nínú wáyà, eruku àti ooru kúrò, ilé tí ń jẹ 32 nílò pánẹ́ẹ̀lì 23 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ wáàtì 550. Ìyẹn gba òrùlé tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 6. Ilé tí ń jẹ 55 nílò 39. Kí wọn kọ ojú sí gúúsù, kí wọn dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ wọ́n. Nígbà ọyẹ́, ènìyàn ni yóò fọ̀ wọ́n. Òjìji táńkì omi tàbí igi máńgòrò lórí pánẹ́ẹ̀lì kan lè fa ọ̀pọ̀ tí a so mọ́ ọn sẹ́yìn. Kí a yẹ igi òrùlé wò bóyá ikán ti jẹ ẹ́, kí a ri irin sí ilẹ̀ fún àrá. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni èyí gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ iṣẹ́ oníná.

Wàyí o, kí ni ó kan ẹgbẹ́ wa? Èkínní, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni. Ilé alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn, tí àgbàlá rẹ̀ wà láàárín, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ yí i ká, kò béèrè amúlétutù. Àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà sí Èkó náà kọ́ ilé alájà gíga tí fèrèsé onígi rẹ̀ ń gba afẹ́fẹ́. Lónìí a ń kọ́ ilé onígíláàsì tí ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, a wá ń fi bátìrì olówó iyebíye bá oòrùn jà. Bí ayàwòrán ilé bá dá ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà, tí ó sì fa etí òrùlé síwájú, owó pánẹ́ẹ̀lì ti dínkù kí ìpìlẹ̀ tó gbẹ. Ìmọ̀ àwọn baba wa kì í ṣe ohun tí a ń gbé sí ilé àkójọ ohun àtijọ́ nìkan.

Èkejì, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni. Kì í ṣe ọwọ́ wa ni a fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni ìwọ̀n wà. Bí ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ iná ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Àlàbá bá lè ka yúnìtì ilé kan, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí onílé àti òun jọ gbọ́, a kò ní lè fi ọ̀rọ̀ dídùn ta ohun tí kò tó fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà mo dá àbá mẹ́ta. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ra sólà kọ́kọ́ béèrè ìwé ìwọ̀n, kí ó sì kọ̀ láti san owó títí yóò fi rí i. Kí ìwé ìròyìn wa tẹ àtẹ ìwọ̀n iná ní èdè Yorùbá, tí a ó lè lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹni tí Ọlọ́run bá fi ilé ńlá jíǹkí gba ọmọ iṣẹ́ kan láàyè láti wo bí wọn ṣe ń ṣe é ní ilé rẹ̀, nítorí ilé ńlá ni ilé ẹ̀kọ́ tí ó dára jù fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin ará mi, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò sí àbùkù nínú ilé ńlá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọlá nínú pánẹ́ẹ̀lì 39 tí ń kú ní agogo 2 òru. Ọlá ni ilé tí iná rẹ̀ kò kú, tí aládùúgbò rẹ̀ ń sùn, tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ń fi ìmọ́lẹ̀ kàwé, tí olówó rẹ̀ sì mọ iye tí ó ń lò. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òkùnkùn borí ìmọ́lẹ̀ nínú ilé wa.