Aláìsàn Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Títì

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá mi fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Bí àìsàn bá dé sí ọ̀kan nínú wa lóru, yóò jí ará ilé rẹ̀. Wọn á wá ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà, wọn á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìjẹ̀bú-Òde kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó tì í mọ́lé ni ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣebí ọ̀daràn ni?" Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹni mẹ́ta tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà, bí ẹni méjì ni a kò tíì dá lẹ́jọ́. Ẹni tí a sì ti dá lẹ́jọ́ pàápàá, ẹ̀wọ̀n ni adájọ́ dá fún un, kò dá àìsàn mọ́ ọn.

Ní ọdún 2004, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt gbọ́ ẹjọ́ àwọn mẹ́rin tí wọ́n ní kòkòrò éèdì, tí wọ́n ń retí ìdájọ́ nínú ẹ̀wọ̀n. Ilé ẹjọ́ ní dandan ni kí ìjọba tọ́jú wọn. Ní 2015, Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n fi orúkọ Mandela pè. Ó ní kí ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n má kéré sí ti ará ìta, kí a má sì gba owó rẹ̀. Bí dókítà bá ti sọ ìtọ́jú tí aláìsàn nílò, wọ́dà kò gbọdọ̀ yí i padà. Mandela fúnra rẹ̀ ní ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú ẹ̀wọ̀n ní 1988. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó sàn. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó di Ààrẹ South Africa.

Ikọ́ yìí máa ń tàn kálẹ̀ nínú yàrá tí èrò kún, tí atẹ́gùn kò wọ̀. Ẹni tí ó bá wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì ń lò ó. Bí wọ́n bá dá ẹni yín sílẹ̀ kí oògùn tó parí, ẹ gba ìwé ìtọ́jú rẹ̀, kí ó máa lo ìyókù nílé.

Ti òru ló le jù. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà dá kú, àwọn tí wọ́n jọ wà ní yàrá lè rò pé ó ń sùn ni. Tí wárápá bá gbé ẹlòmíràn, wọn á sá, wọn á ní itọ́ ẹnu rẹ̀ ń ranni. Irọ́ ni! Kí wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n sì gbá ilẹ̀kùn títí wọ́dà yóò fi dé.

Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Bí wọ́n bá ti ọmọ yín tàbí ọkọ yín mọ́lé, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, àìsàn tí ó ní, oògùn tí ó ń lò, ìgbà mélòó lójúmọ́, àti nọ́ńbà fóònù yín. Ẹ kọ ọ́ ní méjì. Ẹ fi ọ̀kan lé nọ́ọ̀sì ọgbà náà lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní, ẹ bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sára èkejì tí ẹ ó mú lọ sílé.

Ó yá, ẹ mú pẹ́ńsù yín, ká jọ kọ ọ̀kan wò.