Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kó Gbé Ìwé Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú oríire. Ọdún mẹ́fà nílé ẹ̀kọ́ wa kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà.

Ẹ ti gbọ́ òfin tó lẹ́nu mi. Lónìí, ìtàn obìnrin kan ni mo fẹ́ dì fún yín bí oúnjẹ ọ̀nà.

Mary McLeod Bethune lorúkọ rẹ̀. Ní 1875 ni wọ́n bí i nítòsí Mayesville, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, Amẹ́ríkà. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ kí òmìnira tó dé. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n bí, òun ló ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dógún, oko òwú sì ni tọmọdé tàgbà ilé wọn ń ṣe. Lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé àwọn òyìnbó tí ìyá náà ń bá ṣiṣẹ́. Ó bá ìwé kan níbi tí àwọn ọmọ ilé náà ti ń ṣeré, ó mú un, ó ṣí i. Ọmọ kan níbẹ̀ ní kó gbé e sílẹ̀, pé ṣé ó mọ̀wé kà ni. Ó gbé e sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi dàgbà.

Nígbà tí ìjọ kan ṣí ilé ẹ̀kọ́ sí agbègbè wọn, ọmọ kan ṣoṣo ni òbí rẹ̀ lè yọ̀ǹda lóko. Òun ni wọ́n yọ̀ǹda. Bíi máìlì márùn-ún ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ, márùn-ún ló ń rìn bọ̀. Bó bá sì délé, ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ́sàn-án ló ń kọ́ àwọn ará ilé lálẹ́. Nígbà tó mọ ìṣirò, ó ń bá bàbá rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò ṣírò owó òwú wọn, kí ẹni tó ń rà á má baà rẹ́ wọn jẹ.

Ibí yìí ni mo máa ń dúró sí bí mo bá ń ka ìtàn rẹ̀, nítorí mo mọ ilé tó jọ bẹ́ẹ̀. Gààrí ni ìyá mi ń tà. Etí ìró ni wọ́n ń ká káàdì àjọ wọn sí, alájọ á sì máa fi bírò pupa fa igi sí i. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá san owó, wọn á sọ òkúta kan sínú agolo mílíìkì. Mo wà ní kíláàsì kẹrin lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ káàdì náà síwájú mi lẹ́bàá àtùpà, tí wọ́n ní kí n kà á. Òkúta jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Igi jẹ́ mẹ́tàlélógún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá mi kò pariwo. Wọ́n da òkúta náà padà sínú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Láti òní lọ, ìwọ ni kó o máa bá mi kà á." Mo ti gba ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn ìgbà náà. Kò sí èyí tó wú mi lórí tó gbólóhùn yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bethune. Aránṣọ kan ní Denver, tí kò mọ̀ ọ́n rí, ló fi owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Scotia Seminary. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ yín létí. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì Moody ní Chicago, torí ilẹ̀ Áfíríkà níbí ló ń fẹ́ wá láti wàásù. Ìgbìmọ̀ tó ń rán míṣọ́nnárì dá a lóhùn pé kò sí àyè fún míṣọ́nnárì aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà. Aláwọ̀ dúdú, ní Áfíríkà! Ó dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n kò bá Ọlọ́run ṣọ̀tá. Ó ní àwọn ọmọ dúdú tó wà ní Amẹ́ríkà náà ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ́ wọn.

Ní oṣù kẹwàá 1904, ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ní Daytona, Florida. Dọ́là kan àtààbọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin márùn-ún ló fi bẹ̀rẹ̀, àti Albert, ọmọ bíbí inú rẹ̀. Àpótí ọjà tó ṣófo di àga, igi tó jóná di pẹ́ńsùlù, omi èso igbó di tàdáwà. Ó ń ṣe páì ọ̀dùnkún tà, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ kó owó jọ fún ilẹ̀ tó rà, ilẹ̀ tó jẹ́ ààtàn rí. Obìnrin àdúrà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń tẹ́ sí Ọlọ́run náà ló fi ń po ìyẹ̀fun. Ọkọ rẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ ní 1907. Ó tọ́ ọmọ tirẹ̀, ó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó kórìíra aláwọ̀ dúdú, wá dẹ́rù bà á lóru nítorí pé ó ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ láti dìbò, kò sá. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ dìbò.

Ilé ẹ̀kọ́ orí ààtàn yẹn darapọ̀ mọ́ Cookman Institute ní 1923. Òun ni Yunifásítì Bethune-Cookman tó wà títí dòní. Ní 1936, ìjọba Ààrẹ Roosevelt fi í sídìí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú nínú àjọ tó ń wá iṣẹ́ àti owó ìwé fún ọ̀dọ́. Áfíríkà tí wọ́n fi dù ú ńkọ́? Ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní 1952, nígbà tó wá síbi ìbúra ààrẹ Liberia. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún 1955, inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Nínú ogún tó fi sílẹ̀ lórí ìwé fáwọn ènìyàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ló fi kádìí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé JAMB wà lọ́kàn yín. Àwọn kan yóò wọlé lọ́dún yìí, àwọn kan yóò tún un ṣe. Tẹni tó wọlé tẹni tí kò tíì wọlé ni mo fún níṣẹ́ kan. Bí ẹ bá délé lónìí, kí ẹ tó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín, tàbí ìyá àgbà, bóyá ìwé kan wà nílé tẹ́nikẹ́ni kò tíì kà fún wọn: káàdì ọsibítù, lẹ́tà báńkì, ìwé ilẹ̀, káàdì àjọ. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ kà á jẹ́jẹ́. Bí ìṣirò kan bá wà níbẹ̀ tí kò yé yín, ẹ mú un wá fún mi lọ́jọ́ Ajé. Mo ṣì wà ní kíláàsì wa.