Sísin Ekòló Nínú Ilé



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kéré lójú, ṣùgbọ́n ó kan ìkòkò ọbẹ̀ gbogbo wa. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ti ṣá, ẹ̀fọ́ kò rúwé bí ó ti yẹ mọ́, ajílẹ̀ ọjà sì ti di ohun olówó gọbọi. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni a ń da èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú gọ́tà. Ohun tí ilẹ̀ ń fẹ́ jẹ ni a ń dà nù.

Àwọn baba wa mọ iyì ekòló. Wọ́n ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Ní ọdún 1890, Alvan Millson, òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó ní Èkó, kọ̀wé yin iṣẹ́ tí ekòló ń ṣe fún ilẹ̀ oko Yorùbá.

Báyìí ni a ó ṣe é. Ẹ wá àpótí fífẹ̀ tí kò jìn ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀. Ẹ gbé e sí abẹ́ òjìji, lórí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú agolo omi, kí ìjàlọ má baà gòkè. Ẹ rẹ ewé gbígbẹ àti ìwé ìròyìn yíya sómi, ẹ fún un, ẹ tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, kí ẹ sì bu ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ kan sí i. Ekòló tí ń gbé inú pàǹtí jíjẹrà ni kí ẹ kó síbẹ̀, kì í ṣe èyí tí ń gbé ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ bò ó.

Èèpo iṣu, ẹ̀fọ́ àti èèpo ẹyin gígún ni oúnjẹ wọn. Kí ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí a tó fi òmíràn sí i. Ata, iyọ̀, epo, ẹran àti ọsàn kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Kí inú àpótí máa tutù bí kànìnkànìn tí a fún. Bí ó bá ń rùn, oúnjẹ tàbí omi ti pọ̀ jù. Ẹ fi ewé gbígbẹ kún un.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ a di ilẹ̀dú. Ẹ fi oúnjẹ tuntun sí apá kan. Bí ekòló bá ti ṣí lọ síbẹ̀, ẹ kó apá kejì lọ sí ìdí ẹ̀fọ́.

Ẹ̀yin ará wa ní London, ekòló ilé kò lè fara da òtútù ibẹ̀. Ekòló pupa tí à ń pè ní Eisenia fetida ni kí ẹ sìn.

Ẹ jẹ́ kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní àpótí kan kí ọdún tí ń bọ̀ tó dé, kí a sì fi àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Ilẹ̀ ni ó bọ́ wa dàgbà. Ẹ jẹ́ kí àwa náà bọ́ ọ.